Oríkì Lẹ́nu Tírọ́ńbóònù

Ní adúgbò Kémta tí mo gbé dàgbà, etí ló máa ń kọ́kọ́ jí kí ojú tó jí. Ìkùukùu àárọ̀ a máa sùn sáàárín àwọn àpáta títí oòrùn á fi yọ dáadáa, èèyàn kò sì ní rí ju òrùlé páànù mélòó kan lọ. Àmọ́ ohùn kò mọ̀ pé ìkùukùu wà. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ ó gbọ́ garawa tó ń kan ògiri kànga, ẹ ó gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀ àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa láti òkè. Àwọn méjèèjì á lọ pàdé lára àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa, àpáta á sì dá wọn padà sí wa. Títí dòní, bí mo bá rántí ilé yẹn, n kì í rí i. Ṣe ni mo máa ń gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fetí ríran. Ọdún tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, olùkọ́ ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí, kí n fi kan etí òsì, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó tó ilé ìwé lọ nìyẹn láyé ìgbà náà. Ọwọ́ mi dúró sáàárín orí, kò lọ mọ́. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi, tí àwọn náà jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n sì ti sọ fún gbogbo adúgbò pé ọmọ àwọn ti mọ ABD, bínú sí apá mi bí ẹni pé èmi ni mo gé e kúrú. Ìyá àgbà nìkan ni inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi jàre. Ilé ìwé ò ní sá lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jókòó sí fàráńdà ní odidi ọdún kan, a ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń bi mí léèrè. "Ta nìyẹn?" Màá ní ìyá tó wà lójúlé kejì ni, tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀. "Ọkọ̀ wo nìyẹn?" Màá ní ọkọ̀ tó ń lọ sí ibùdókọ̀ Kútọ̀ ni. Bí mo bá gbà á, wọ́n á pe oríkì mi. Láàárọ̀ pẹ̀lú, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, orúkọ ìrìbọmi mi kọ́ ni wọ́n máa ń pè. Oríkì mi ni, wọ́n á fà á gùn, wọ́n á fi ti àwọn baba ńlá wa kún un, orí mi á sì wú. N kò mọ ohun tí ilé ìwé fẹ́ fún mi tó máa dà bí èyí.

Àgbà ló ń pe ọmọdé ní oríkì. Ọmọdé kì í kàn ya ẹnu pe ti àgbà, àfi bí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kò bá pé. Nítorí náà, bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà sí i ni àwọn tó lè pè é á máa dín kù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pe oríkì Ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni, àgbẹ̀ tó ń gbé lóko. Bí bàbá náà bá wá sílé, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kútọ̀, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀dọ̀ wa, wọn kì í dúró dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó kígbe. Láti kọ̀rọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti máa ń pè: ohùn mẹ́ta péré, méjì nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta á gòkè, á sì pẹ́ lókè. Ẹ ó rí Ìyá àgbà, arúgbó tó ti funfun lórí, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, tí wọ́n á da ẹ̀gúsí sílẹ̀, tí wọ́n á dìde bí ọmọdébìnrin tí wọ́n rán lọ sódò. "Òo! Mò ń bọ̀ o!" Wọ́n á sáré sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì kúnlẹ̀ gbọnrangandan fún ẹ̀gbọ́n wọn lórí ilẹ̀ lásán. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ti wọ ilé ìwé gírámà nígbà tí bàbá àgbẹ̀ yẹn kú. Ìyá àgbà kò sunkún lójú wa. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n sọ fún mi lórí fàráńdà pé, "Àwọn tó ń pè mí ti tán. Kò sí ẹni tí mo tún jẹ́ ọmọdé lójú ẹ̀ mọ́." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lásán ni. Ọmọdé kò mọ̀ pé ipò àgbà tí òun ń lé kiri lè jẹ́ ohun tó máa sọ èèyàn di àdáwà.

Kò pẹ́ sí i ni etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Dókítà ní ọjọ́ orí ni, èmi náà kò sì bá a jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà ló rí. Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ. Ohùn àwọn ẹyẹ ẹ̀gà orí igi ọ̀pẹ lọ, bẹ́ẹ̀ nítòsí ni wọ́n ti ń pariwo. Igbe ọmọ ọwọ́ lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e. Ohùn tèmi, tí kò sàn ju ti ẹ̀fọn lọ, kò pẹ́ kó tó tẹ̀ lé agogo. Gbogbo ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wọn bí ẹni ń lé olè. Bí a bá ṣe ń jágbe tó ni ohùn wa ń tín-ín-rín tó. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Ìyẹn dùn mí gan-an. Ẹni tó fi etí kọ́ mi láyé ni n kò lè fi etí bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Àárín àwọn ọdún 1980 yẹn ni ìjọ wa kó fèrè dé fún báńdì àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀gá báńdì jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í wọ ohun mìíràn ju káákí lọ, tó sì ń pe gbogbo wa ní "Yú!" Nígbà tí àwọn kan nínú ìjọ ní ọmọbìnrin kì í fọn fèrè, ọ̀gá ní ètè ni àwọn ń wò, àwọn kò wo yẹ̀rì. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó kéré, ó ń dán, ó bá àyà mi mu bí ọmọ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo fọn jáde tààrà, ó mọ́lẹ̀, àwọn tó wà ní kíláàsì ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì sì yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Yú! Ètè tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì lèyí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ẹni tí wọ́n á fún ní tírọ́ńbóònù. Fèrè gígùn tí ohùn rẹ̀ nípọn ni, tí wọ́n ń tì síwájú tí wọ́n sì ń fà sẹ́yìn kí ohùn rẹ̀ lè yí padà, apá gígùn ló sì ń fẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ọ̀gá báńdì tò wá, wọ́n ní kí a gbé ọwọ́ gba àtàrí kan etí. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá kan etí nìkan kò tíì yege, àfi ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá etí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìka tèmi fọwọ́ kan ṣóńṣó etí, ó dúró síbẹ̀. Apá kúkúrú mi tún ti ṣe tirẹ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló gba tírọ́ńbóònù, èmi sì di tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Mo tọrọ àyè, mo gbé e lọ sílé lọ́sàn-án Sátidé kan kí Ìyá àgbà lè gbọ́. Mo ti rò ó: kò sí ohùn tó le tó ti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ayé mi, bí gbogbo wa bá jágbe tí kò dé, èyí á dé. Mo dúró níwájú wọn lórí fàráńdà, mo fọn ẹsẹ orin kan tán láìṣe àṣìṣe. Ewúrẹ́ sá. Ìyá ojúlé kejì ti fèrèsé gbàgà. Ìyá àgbà ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró. Nígbà tí mo sọ fèrè kalẹ̀, wọ́n ní, "Ìgbà wo lo máa wá bẹ̀rẹ̀?"

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo fara ti àpáta, mo sunkún títí ètè mi tó ti wú tẹ́lẹ̀ fi wú sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, a jókòó sí fàráńdà. Ọkọ̀ agbégẹdú kan ń gun òkè bọ̀ láti ojú ọ̀nà, a kò tíì rí i. Ìyá àgbà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹrù ọkọ̀ yẹn ti pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ." Mo wò wọ́n. Mo wo ojú ọ̀nà. Ìyá àgbà ṣì ń gbọ́ràn! Ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn ni wọ́n ṣì ń gbọ́, níbi tí àwa kò ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga yẹn ti bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Èkó nígbà náà, tírọ́ńbóònù rẹ̀ sì wà nílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá báńdì, aláǹtakùn ti ń fi ṣe ilé. Mo bẹ ọ̀gá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n gbé e lọ di ọ̀la. Àwọn ọmọ adúgbò tẹ̀ lé mi dé ilé. Ohùn tí mo fọn jáde lórí fàráńdà burú jáì, ó dà bí màlúù tí inú ń run. Ìyá àgbà fò dìde. "Ta ló ń wa ọkọ̀ wọ ilé yìí?"

A rẹ́rìn-ín títí a fi di ara wa mú. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fèrè náà, wọ́n ní kí n tún un fọn, wọ́n sì ń mi orí bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ọ̀gá báńdì kò gbà kí n ṣe méjèèjì. Wọ́n ní ibi tí ẹnu ń bọ̀ lára tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kéré, ti tírọ́ńbóònù tóbi, ètè tó bá ń lọ sókè sódò láàárín wọn kò ní wúlò fún ọ̀kankan. Àjíǹde ń bọ̀, tí báńdì á jáde ní ìdájí, tí gbogbo ìjọ á tẹ̀ lé e yí adúgbò ká. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan. Bàbá mi kò rí ohun tó yẹ kí n máa rò sí. "Ipè ni Bíbélì sọ," ni wọ́n ń wí nídìí oúnjẹ. "Ṣé o ti gbọ́ ibì kan rí tí wọ́n ti ní tírọ́ńbóònù máa dún tí òkú á jí? Ohun tó dà bí páìpù tí púlọ́ńbà gbàgbé síta!" Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun.

N kò ní parọ́ fún yín, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ọkàn mi fẹ́. Òun ló ń kọ orin gan-an, tí gbogbo èèyàn á sì mọ ẹni tó fọn ọ́n. Tírọ́ńbóònù kàn ń rọra tì í lẹ́yìn ni. Mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lá àlá pé mo wà létí odò Ògùn, fèrè méjèèjì ń léfòó lọ. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń dán lójú omi, ó wà nítòsí, mo kàn lè na ọwọ́ mú un. Tírọ́ńbóònù ti ń rì, ìsàlẹ̀ omi ló sì ti ń dún, ohùn rẹ̀ sì ń mi ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo jí, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo dìde, mo bọ́jú, mo lọ sọ fún ọ̀gá pé mo ti mú tírọ́ńbóònù.

"Yú! Ọwọ́ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. Ìbéèrè gidi ni. Bí mo bá na apá mi tán, fèrè ṣì kù tí ó yẹ kó lọ. Mo fi han Ìyá àgbà nílé. Wọ́n gbá mi lápá, wọ́n ní, "Apá yìí náà! Kò tíì parí ìjà tó ń bá ọ jà?" Wọ́n wọlé, wọ́n mú ọ̀já kan jáde, èyí tí wọ́n fi pọn bàbá mi tí wọ́n sì fi pọn èmi náà, tó ti gbó débi pé ẹnikẹ́ni kò lè fi pọnmọ mọ́. Wọ́n ya etí rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa fèrè. Wọ́n ní kí n fi ìka bọ inú rẹ̀, kí n jù ú síwájú, kí n sì fi ọ̀já fà á padà. Bí mo ṣe dé ìpẹ̀kun tírọ́ńbóònù nìyẹn.

Àṣìṣe mi kan ṣoṣo tí ọ̀gá kò rí wò sàn ni pé mo máa ń fa ohùn. Dípò kí n kúrò lórí ohùn kan bọ́ sórí èkejì lójijì, màá rọra gùn ún lọ. "Orin ìsìn lèyí, kì í ṣe ẹkún!" Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló ń fà mí. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì dà bí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ á gbé lórí ọ̀kan kó tó kan èkejì. Tírọ́ńbóònù dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé wa, o lè dúró níbikíbi lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ Yorùbá. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ilé, mo fi pe oríkì ara mi. Àpáta pè é padà fún mi, ó ṣe kedere bí ẹni pé Ìyá àgbà ló pè é. Lẹ́yìn náà ni ohùn mẹ́ta ti oríkì Ìyá àgbà wá sí mi lọ́kàn, méjì nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta lókè. Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu kíá. Ọmọ wo ni mí tí màá pe àgbà?

Láàárín ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, àárẹ̀ mú Ìyá àgbà. Ara wọn le padà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n wọn kò jáde sí fàráńdà mọ́. Ojú ìdáná àti orí ibùsùn ni wọ́n mọ. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń dúró síta ní ìdájí Àjíǹde kí báńdì àti ìjọ tó kọjá. Lọ́dún yẹn wọ́n sọ fún ìyá mi pé kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ jí àwọn. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ wá wò, ẹnu tó ń là tó ń pa dé? Mo gbọ́ ọ láti pálọ̀. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ báyìí rí. Ó dà bí ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́.

Òwúrọ̀ Àjíǹde, ìkùukùu pọ̀ débi pé a kò rí ẹsẹ̀ ara wa. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ rọ̀. Ọ̀gá fi èmi sí iwájú pátápátá kí fèrè mi má baà máa gún ẹlòmíràn nípàkọ́, èmi tí mo ti rò pé mo fi iwájú sílẹ̀ fún tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ìlù ń dún, aṣọ funfun ń léfòó lẹ́yìn wa, bàbá mi wà láàárín àwọn akọrin pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. A kọrin gba ìsàlẹ̀ wá. Ní kọ̀rọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa gan-an ni orin parí, ọ̀gá sì gbé ọ̀pá sókè kí a mí díẹ̀.

Mo wo òkè. Ìkùukùu ṣí díẹ̀ níbẹ̀: ilẹ̀kùn wa tì. Fàráńdà ṣófo.

N kò pinnu rẹ̀. Mo kàn rí i pé fèrè ti wà lẹ́nu mi, ìka mi sì wà nínú ọ̀já. Méjì nísàlẹ̀. Mo jù ú síwájú títí dé ìpẹ̀kun, mo sì rọra fà á padà, mo gbé ẹ̀kẹta gòkè, mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Àpáta gbà á, ó tún un pè. Ọ̀gá yíjú sí mi, wọ́n la ẹnu, kò sí "Yú" tó jáde. Bàbá mi dúró gbagidi. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Oríkì ìyá wọn ni, tí wọ́n ti ń gbọ́ láti kékeré, tí wọn kò gbójú pè rí láyé wọn. Mo tún un pè.

"Òo! Mò ń bọ̀ o!"

Láti inú ilé ni. Ohùn ọmọdébìnrin ni. Ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú ìró àyà nìkan, láìwé gèlè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn tí ìyá mi ti ń di ọwọ́ wọn mú sọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ wa. Inú ìkùukùu ni wọ́n ń wò, lókè orí wa, bí ẹni tó ń wo ojú ẹni tó ga ju òun lọ. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

Ta ni yóò dúró kí irú arúgbó bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún un? Bàbá mi ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tòun taṣọ funfun. Èmi náà kúnlẹ̀, ẹnu tírọ́ńbóònù kanlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ wọ́n rí i pé iwájú ti lọ sílẹ̀, ni gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, títí dé orí ọ̀gá báńdì nínú káákí wọn tó le gbagba. Ìyá ojúlé kejì ti ṣí fèrèsé, àwọn náà ń dáhùn, nítorí ohùn oríkì àwọn obìnrin kì í jìnnà síra wọn. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń bá mi jiyàn pé àwọn ni mo pè.

Lẹ́yìn ìsìn, mo wọ yàrá Ìyá àgbà tẹ̀rùtẹ̀rù. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n wo ètè mi tó wú, wọ́n bu òrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á.

"Ẹnu yìí ni, àbí?"

Mo mi orí pé òun ni. Mo fi ọwọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n ra òrí náà tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró, wọ́n sì wo tírọ́ńbóònù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe àgbà," ni wọ́n wí. "Ó ti rẹ̀ mí. Tún mi pè."

Mo gbé e, mo sì fi ìka bọ ọ̀já.